Níbo ni mo ti lè rí irúgbìn tó ṣì lẹ́mìí rà fún fìríìjì tí mo sọ di oko?

Gáàsì-Tútù, Ṣómólú

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará. Iṣẹ́ fìríìjì àti éésì ni mò ń ṣe ní Ṣómólú, ọdún kẹtàlá rèé tí mo ti gba fíríìdọ̀mù. Ọ̀rọ̀ gáàsì kọ́ ni mo gbé wá lónìí o, ọ̀rọ̀ irúgbìn ni.

Ní ìwòyí ọdún tó kọjá, obìnrin kan tó ń ta ẹlẹ́rìndòdò gbé fìríìjì onídígí kan wá fún mi. Kọ̀mpírẹ́sọ̀ rẹ̀ ti jóná. Mo pe owó fún un, ó ní òun ń lọ mú un bọ̀. Ó ṣì ń bọ̀ títí di àárọ̀ yìí. Mo pè é títí, nọ́ńbà ò lọ mọ́. Nígbà tó di oṣù keje tí mo ti ń fi ẹ̀gbẹ́ rìn kọjá lára fìríìjì yẹn kí n tó dé ìdí iṣẹ́ mi, mo ní kó kúkú máa fi nǹkan san owó ilé.

Mo fi kọ̀mpírẹ́sọ̀ tòkunbọ̀ kékeré kan rọ́pò èyí tó jóná, mo so ó mọ́ tẹmọ́sítààtì tó ṣeé yí. Tí ìta bá gbóná tó 33, inú rẹ̀ máa ń wà láàárín 23 sí 25. Pẹpẹ mẹ́ta ló ní. Mo to iná LED funfun sókè pẹpẹ kọ̀ọ̀kan, mo sì yọ èyí tó ń gbóná jù lára iná náà síta, kó má baà jẹ́ pé mò ń fi ọwọ́ kan tutù, mò ń fi ìkejì yáná. Táímà ń tan iná fún wákàtí 16, ó ń pa á fún 8. Fáànù méjì tí mo tú lára kọ̀ǹpútà àlòkù ń fẹ́ atẹ́gùn. Tí wọ́n bá mú iná lọ, ínfátà ń gbé LED àti fáànù. Kò lè gbé kọ̀mpírẹ́sọ̀, ṣùgbọ́n ara fìríìjì nípọn, kì í tètè gbóná.

Ẹ̀rọ ò dà mí láàmú rárá. Irúgbìn ló sọ mí di ẹni tí ọmọ iṣẹ́ ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Mo ra lẹ́tọ́ọ̀sì sáṣẹ́ẹ̀tì kan, ₦4,000, ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta oògùn oko. Àwòrán ara rẹ̀ dán bí ojú ìyàwó ọ̀ṣìngín. Mo ka hóró 40, mo gbìn ín. Méjì ló hù, ọ̀kan sì dojú bolẹ̀ lọ́jọ́ kẹrin. Tòmátò tí mo gbà lọ́wọ́ ẹlòmíì hù ní tiẹ̀, àmọ́ àárín pẹpẹ kan sí èkejì ò ju sẹ̀ntímítà 38 lọ. Kò pé oṣù méjì tó fi orí gbá iná, ó wá tẹ̀ kọdọrọ bí ọkùnrin gíga tó wọ dáńfó.

Mo gbọ́ pé àwọn onímọ̀ ní àlìkámà kúkurú, pé wọ́n ní tòmátò tí kò ga ju ife lọ, pé wọ́n tilẹ̀ ń jẹ lẹ́tọ́ọ̀sì lókè òfurufú níbi tí wọ́n ti gbìn ín. Irú rẹ̀ ni mò ń wá. Mo bẹ àbúrò mi obìnrin tó wà ní Houston pé kó bá mi mú un bọ̀ ní Kérésì, ó ní òun ò lè torí ewé jókòó sí pápákọ̀ òfurufú. Ẹni tó bá mọ ibi tí wọ́n ti ń tà á ní Èkó, ẹ dákun, ẹ ràn mí lọ́wọ́.

Ewé-Ń-Jẹ́, Akọkà

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀kọ́ nípa ewéko ni mò ń kọ́ ní Yunifásítì Èkó. Kí n tó dáhùn, ìbéèrè méjì. Ibo ni sáṣẹ́ẹ̀tì lẹ́tọ́ọ̀sì yẹn wà láti ọjọ́ tí ẹ ti rà á títí dọjọ́ tí ẹ gbìn ín? Ṣé inú fìríìjì náà lẹ sì ti gbìn ín, àbí ìta?

Gáàsì-Tútù, Ṣómólú

Inú àpótí irinṣẹ́ mi ló wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná tí mo fi ń jó páìpù. Bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ìta ni mo sì ti gbìn ín, nínú ike lórí tábìlì, lábẹ́ páànù. Mo ní kó kọ́kọ́ hù ná kí n tó máa fi iná tọ́ ọ.

Ewé-Ń-Jẹ́, Akọkà

Ẹ̀gbọ́n! Ẹ̀yin tí ẹ ń fi òtútù jẹun! Ẹ sun irúgbìn yẹn ni, ẹ ò gbìn ín.

Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé. Lẹ́tọ́ọ̀sì ò fẹ́ràn ooru nígbà tó bá fẹ́ hù. Tí ilẹ̀ tó wà bá ti ń súnmọ́ 30 dígírì, púpọ̀ nínú ẹ̀yà rẹ̀ á kàn mu omi, wọ́n á wú, wọ́n á sì jókòó síbẹ̀. Kò kú, ó kọ̀ ni. Tí ẹ bá tẹ́ ẹ sórí tíṣù tútù níbi tó wà láàárín 15 sí 20 fún ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, ó máa fò jáde. Ẹ má bò ó mọ́lẹ̀ jìnnà, nítorí pé ọ̀pọ̀ ẹ̀yà rẹ̀ nílò ìmọ́lẹ̀ kó tó hù. Ìyá ìyá mi ní Ẹ̀pẹ́ ò ní fìríìjì, ẹ̀gbẹ́ àmù omi ló máa ń gbé ohun tó bá fẹ́ òtútù sí, ó sì ń ṣiṣẹ́.

Ti ìtọ́jú ló tẹ̀ lé e. Ooru àti ọ̀rinrin ló ń pa irúgbìn. Òdiwọ̀n tí wọ́n kọ́ wa ni pé tí ẹ bá fi dígírì 5 dín ooru ibi tó wà kù, ọjọ́ ayé rẹ̀ á di ìlọ́po méjì. Tí omi inú rẹ̀ bá fi ìdá 1 nínú 100 dín, ìlọ́po méjì tún ni. Nínú atẹ́gùn Èkó yìí, irúgbìn tó wà lórí káńtà láti ọjọ́ pípẹ́ ti darúgbó kí ẹ tó sanwó rẹ̀, àní bí àwòrán ara rẹ̀ bá ń rẹ́rìn-ín. Nítorí náà, ẹ fi í sínú ìgò tó ní ìdérí líle. Ẹ yan ìrẹsì gbígbẹ nínú ìkòkò láìsí òróró títí yóò fi pọ́n díẹ̀, ẹ jẹ́ kó tutù, ẹ dà á sísàlẹ̀ ìgò, kí irúgbìn wà nínú bébà lórí rẹ̀. Ẹ wá gbé ìgò náà sínú fìríìjì tí ẹ fi ń mu omi. Tí ẹ bá fẹ́ lò ó, ẹ jẹ́ kí ìgò pàdánù òtútù rẹ̀ kí ẹ tó ṣí i, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ìrì á sẹ̀ sórí irúgbìn. Ẹ̀yin gan-an mọ ìyẹn jù mí lọ.

Ó wá kan orúkọ tí ẹ dá. Lẹ́tọ́ọ̀sì òkè òfurufú yẹn ń jẹ́ Outredgeous, pupa ni. Frank Morton, ará Oregon ní Amẹ́ríkà, ló mú un jáde, kì í sì í ṣe hybrid, ìyẹn irúgbìn àdàpọ̀ tí ọmọ rẹ̀ kì í jọ ìyá. Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ ọdún 2015 ni àwọn arìnrìn-àjò òfurufú tó wà nínú ISS, ibùdó ìwádìí tó ń yí ayé po lókè, kọ́kọ́ jẹ èyí tí wọ́n gbìn nínú ẹ̀rọ Veggie ti NASA. Kò sí àdììtú kankan níbẹ̀. Irúgbìn kan náà ni àwọn onírúgbìn ń tà fún ará ilé. Tí ẹ bá rí páálí kan péré, ẹ jẹ́ kí igi bíi mélòó kan yọ òdòdó kó sì gbó, ẹ ò ní rà á mọ́.

Tòmátò tí kò ga ju ife lọ, Micro-Tom ni. Yunifásítì Florida ló gbé e jáde lọ́dún 1989, fún àwọn tó fẹ́ gbin tòmátò sójú fèrèsé. Ó máa ń ga tó nǹkan bíi sẹ̀ntímítà 15 sí 20. Àwọn ará Yunifásítì Tsukuba ní Japan ń fi irúgbìn rẹ̀ ránṣẹ́ sí àwọn tó ń ṣe ìwádìí, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fọwọ́ síwèé. Red Robin tún wà, ó rọrùn láti rí jù ú lọ, ó sì máa wọ pẹpẹ yín. Àlìkámà kúkurú ni Apogee, Bruce Bugbee àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Utah State ló ṣe é fún irú àpótí oníná báyìí, kò ga ju nǹkan bí ààbọ̀ mítà lọ. Ààbọ̀ mítà náà ṣì ga ju pẹpẹ yín lọ, ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀wẹ̀, búrẹ́dì mélòó lẹ fẹ́ rí nínú fìríìjì kan?

Ọmọ Ìdúmọ̀tà

Mo ti ka gbogbo rẹ̀ tán. Ìbéèrè mi ni pé kí ló ṣe ọjà Mile 12? Owó iná tí o fi tọ́ lẹ́tọ́ọ̀sì méjì yẹn, ṣé kò ra apẹ̀rẹ̀ kan?

Gáàsì-Tútù, Ṣómólú

Ó rà á, ó tún ṣẹ́kù. Mi ò sọ pé mo fẹ́ tà á o. Ẹlòmíì ń fi owó tirẹ̀ wo bọ́ọ̀lù.

Ọmọ Ìdúmọ̀tà

Ó dáa, mo gbà. Kí n kúkú sọ èyí tó kàn mí. Èmi kì í kó irúgbìn wọlé, àmọ́ mo mọ ẹnu ibodè. Àbúrò rẹ tó kọ̀ yẹn, ó gbọ́n. Ẹni tó bá fẹ́ mú irúgbìn wọ Nàìjíríà ní láti gba ìwé àṣẹ ṣáájú lọ́dọ̀ NAQS, àjọ ìjọba tó ń yẹ ohun ọ̀gbìn wò lẹ́nu ibodè, kí ìwé ẹ̀rí ìlera ewéko láti orílẹ̀-èdè tó ti ń bọ̀ sì tẹ̀ lé e. Bó kéré bí èékánná, irúgbìn ni. Má fi sínú bàtà ẹnikẹ́ni. Lọ bá ẹni tó ti gba ìwé kó o wọlé, kí o sì yí páálí rẹ̀ wò: nọ́ńbà lọ́ọ̀tì, ọjọ́ tí wọ́n dán an wò, mélòó nínú 100 ló hù. Bí ẹni tó ń tà á bá ti fi gọ́ọ̀mù lẹ owó mọ́ orí ọjọ́ yẹn, bó ti wù kó jẹ́, fi í sílẹ̀.

Ní Ìbàdàn, NIHORT, ilé ìwádìí ìjọba, wà ní Jericho láti ọdún 1975, iṣẹ́ ẹ̀fọ́ àti èso ni wọ́n ń ṣe. IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ ọ̀gbìn ti àgbáyé, náà wà níbẹ̀ láti 1967, oríṣi ẹ̀wà tó wà ní ìpamọ́ wọn lé ní 15,000. Wọ́n ń fi ìwọ̀nba díẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹni tó bá ní iṣẹ́ ìwádìí lọ́wọ́, ó ní ìwé àdéhùn tí èèyàn máa ń fọwọ́ sí. Ọkọ̀ láti Bẹ́gà sí Ìbàdàn kì í ṣe ti Houston.

Ìyá Ẹlẹ́fọ̀ọ́, Oyíngbò

Ẹ kú àtijọ́ o, ẹ̀yin ọmọ mi. Ọmọbìnrin mi ló ń bá mi tẹ̀ ẹ́, tí ẹ bá rí àṣìṣe, òun ni kẹ́ ẹ bú.

Bàbá oníríìjì, mo gbóríyìn fún ọ. Ṣùgbọ́n láti òkè wá ni mo ti ń kà á bọ̀, Amẹ́ríkà, Japan, mi ò tíì rí ẹni tó dárúkọ ewédú. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi gbin ẹ̀fọ́ ní Ọ̀jọ́ kí eegun ẹ̀yìn tó ní kí n jókòó ta á. Irúgbìn tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ̀ àti ewédú, àwọn tó ń gbìn ín ni ká rà á lọ́wọ́ wọn, kì í ṣe ẹni tó ń tà á pẹ̀lú ọṣẹ àti kànhìn. Ní ìgbẹ̀yìn ebè, wọ́n máa ń fi àwọn igi tó dára jù sílẹ̀ kó gbó. Lọ nígbà náà. Ní kí wọ́n fún ọ pẹ̀lú èèpo, kí o fúnra rẹ pa á, kí o fẹ́ ẹ. Wọ́n ti ta irúgbìn tẹ̀tẹ̀ fún mi rí ní kóńgò kan, hóró koríko wéréwéré tó dúdú pọ̀ nínú rẹ̀, yanrìn sì fẹ́ẹ̀ tó ìlàjì. Òótọ́ ni pé à ń po yanrìn mọ́ tẹ̀tẹ̀ tá a bá fẹ́ fọ́n ọn, kó má baà ki jù, àmọ́ yanrìn tèmi ni mo fẹ́ pò, kì í ṣe èyí tí mo fi owó rà.

Ewédú lágídí. Tí o bá gbìn ín bẹ́ẹ̀, díẹ̀ á hù lónìí, díẹ̀ á hù lóṣù tó ń bọ̀, ìyókù á máa sùn. Èèpo rẹ̀ ló le, omi ò ráyè wọlé. Dì í sínú aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Gbé omi kaná, nígbà tó bá hó, sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ri aṣọ náà bọ inú rẹ̀, ka ení, èjì títí dé ẹ̀wá, kí o fà á yọ wéré sínú omi tútù. Ẹ̀wá o. Ẹni tó bá kà á dé ogójì ti se é lọ́bẹ̀.

Ohun kan wà tí mi ò mọ ìdí rẹ̀ títí mo fi kúrò lóko. Ewédú tá a bá gbìn nígbà ọyẹ́, kò tíì ga dé orúnkún tó ti yọ òdòdó, ewé rẹ̀ á wá kéré. Èyí tá a gbìn ní ìgbà òjò ni ewé rẹ̀ máa ń pọ̀. A máa ń bomi sí ti ọyẹ́ dáadáa, kì í ṣe òǹgbẹ. Ẹ̀yin tí ẹ kàwé, kí ló fà á?

Ewé-Ń-Jẹ́, Akọkà

Ìyá wa, ẹ kú ọjà. Gígùn ọ̀sán ló fà á. Ewédú jẹ́ ewéko tó ń ka wákàtí. Tí ọ̀sán bá kúrú, ó máa rò pé àsìkò ń lọ, á sáré yọ òdòdó kó lè so. Tí ọ̀sán bá gùn, á gbàgbé òdòdó, á máa ta ewé. Ní Èkó, ìyàtọ̀ tó wà láàárín ọ̀sán tó gùn jù ní oṣù kẹfà àti èyí tó kúrú jù ní oṣù kejìlá ò pé wákàtí kan: nǹkan bíi 12 ààbọ̀ sí 11 àti ìṣẹ́jú 43. Ewédú mọ̀ ọ́n.

Ẹ̀gbọ́n oníríìjì, ṣé ẹ rí ohun tí ìyá wa gbé lé yín lọ́wọ́ báyìí? Kò sí àgbẹ̀ kankan ní Ọ̀jọ́ tó lè fún ewédú ní ìmọ́lẹ̀ wákàtí 16. Táímà yín lè ṣe é. Ẹ ya pẹpẹ kan sí 16, ẹ fi báàgì dúdú bo òmíràn kí iná rẹ̀ má ju 11 lọ, irúgbìn kan náà, ọjọ́ kan náà. Èmi á wá wọn ewé rẹ̀ fún yín. Àwọn tó ń gbin lẹ́tọ́ọ̀sì sínú àpótí pọ̀ káàkiri ayé, ẹ̀yin á kàn darapọ̀ mọ́ wọn ni. Mi ò tíì mọ ẹni tó ṣe ti ewédú nínú fìríìjì ẹlẹ́rìndòdò.

Gáàsì-Tútù, Ṣómólú

Ọ̀sẹ̀ méjì rèé tí mo ti dákẹ́, mò ń ka hóró ni. Ike áísìkiriìmù, tíṣù tútù, hóró 20 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo kọ ọjọ́ sí ìdérí. Ẹ wo bó ṣe rí.

Lẹ́tọ́ọ̀sì àtijọ́ tó sùn sínú àpótí irinṣẹ́: mo gbé e sí 18 dígírì, mẹ́ta ló hù. Mo ti dárí jì í, èmi ni mo ṣẹ̀ ẹ́. Mo ra òmíràn tí ọjọ́ ìdánwò wà lára rẹ̀, mo pín in sí méjì. Lórí tábìlì lábẹ́ páànù, mẹ́rin. Nínú fìríìjì ní 18, mẹ́tàdínlógún! Lọ́jọ́ kejì ni gbòǹgbò funfun ti ń yọ, bí orí abẹ́rẹ́. Mo pe gbogbo ọmọ iṣẹ́ pé kí wọ́n wá wò ó, wọ́n ní ṣé kọ̀mpírẹ́sọ̀ tuntun ló dé ni.

Tẹ̀tẹ̀ tí mo gbà lọ́wọ́ ẹnìkan tó ń gbin ẹ̀fọ́ lọ́nà Ọ̀jọ́, lórí tábìlì kan náà tí lẹ́tọ́ọ̀sì ti kọ̀: mọ́kàndínlógún lọ́jọ́ kẹta. Ooru kọ́ ni ẹ̀dùn tirẹ̀.

Ewédú tí mi ò fi omi gbígbóná ṣe, márùn-ún. Èyí tí mo kà dé ẹ̀wá, mẹ́rìndínlógún. Ike kẹta, ọmọ iṣẹ́ mi ló ń kà á, oníbàárà sì dé, ó lọ dáhùn kó tó padà wá bá kíkà. Òdo. Ìyá wa, ẹ ti sọ ọ́, ọbẹ̀ ni.

Mo ti fi báàgì dúdú bo pẹpẹ ìsàlẹ̀. Wákàtí 11 nísàlẹ̀, 16 lókè. Àárín pẹpẹ tó jẹ́ 38 ṣì ń kọ mí lóminú, nítorí ewédú ga ju tòmátò yẹn lọ, ṣùgbọ́n a máa ń já a lórí kó lè ta ẹ̀ka, àbí?

Ìyá Ẹlẹ́fọ̀ọ́, Oyíngbò

A máa ń já a. Tó bá ti ga tó ìgbọ̀nwọ́, já orí rẹ̀, se é, jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n o ò sọ irú ewédú tó jẹ́. Ṣé amúgbádù ni àbí oníyàyà? Bí o bá po wọ́n mọ́ra, ohun tí ọmọ Akọkà fẹ́ wọ̀n yẹn á dàrú.

Gáàsì-Tútù, Ṣómólú

Yéè. Mi ò bi í o, Ìyá. Mo kàn ní kó fún mi ní ewédú.

Ìyá Ẹlẹ́fọ̀ọ́, Oyíngbò

Tú u dà nù. Mo ní amúgbádù tó gbó nínú ìgò mílíìkì kan, ti ọdún yìí ni, ibi tútù ló wà. Wá lọ́jọ́rú kí ọjà tó kún, kí o sì bá mi wo fírísà mi bó o bá ti ń bọ̀. Ó ń pariwo lóru.